Áńtẹ́nà Tuntun fún Rìmóòtù Dúróònù: Kí Là Ń Fowó Rà Gan-an?

Àwọn tó ń fi dúróònù jẹun nílẹ̀ wa ti pọ̀ báyìí. Ẹni tó ń ya fídíò ìgbéyàwó àti ìsìnkú wà nínú wọn, awọnlẹ̀ tó ń ya àwòrán ilẹ̀ kí wọ́n tó gé e sí púlọ́ọ̀tì wà níbẹ̀, àgbẹ̀ tó fẹ́ mọ ibi tí omi dá sí nínú oko ìrẹsì rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ìṣòro kan ló máa ń da gbogbo wọn láàmú: dúróònù ò tíì jìnnà, àwòrán ojú fóònù á bẹ̀rẹ̀ sí í já, á dúró gbagidi, rìmóòtù á sì máa han pé sígínà ti lọ. Ìgbà náà ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wá áńtẹ́nà tó lágbára ju èyí tó bá rìmóòtù wá láti ilé iṣẹ́. Oríṣiríṣi rẹ̀ ló wà lọ́jà, látorí páànù kékeré tí wọ́n ń há mọ́ rìmóòtù títí dórí áńtẹ́nà pẹlẹbẹ tí wọ́n ń gbé ka ẹsẹ̀ mẹ́ta. Ọ̀nà jíjìn ni gbogbo àwọn tó ń tà á ń ṣèlérí.

Ibi tí èmi dúró sí lórí ọ̀rọ̀ yìí ni pé áńtẹ́nà tó dára níye lórí, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n torí ẹ̀ ń tà á kọ́ ló wúlò fún jù. Àwọn ènìyàn ń rà á kí dúróònù lè jìnnà. Ohun tó ń ṣe fúnni gan-an ni pé kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó ń lọ láàárín rìmóòtù àti dúróònù já níbi tí ariwo ìgbì rédíò pọ̀ sí, ìyẹn láàárín ìlú, ní ọ̀nà tí kò jìn rárá.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi iye tí ilé iṣẹ́ kọ síta bẹ̀rẹ̀. DJI Mini 2 jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2020. Àwọn tó ṣe é sọ pé ó lè lọ tó kìlómítà 10 lábẹ́ òfin FCC ti Amẹ́ríkà, àti kìlómítà 6 lábẹ́ òfin CE ti ilẹ̀ Yúróòpù. Dúróònù kan náà ni, áńtẹ́nà kan náà ni. Agbára tó ń fi sọ̀rọ̀ lábẹ́ òfin kọ̀ọ̀kan ló yàtọ̀: lórí 2.4 GHz, ó lè tó nǹkan bí 400 mílíwáàtì ní Amẹ́ríkà, kò sì gbọdọ̀ ju 100 lọ ní Yúróòpù. Ẹ wo ìṣirò yẹn dáadáa. Agbára di ìlọ́po mẹ́rin, síbẹ̀ ọ̀nà ò di ìlọ́po méjì. Ibi gbalasa tí nǹkan kan ò ti dí ìgbì lọ́wọ́, tí ẹ̀rọ mìíràn ò sì pariwo, ni wọ́n sì ti rí iye méjèèjì.

Bí ìgbì rédíò ṣe ń rìn ló fà á. Bó ṣe ń kúrò lára áńtẹ́nà ló ń fẹ̀, bó sì ṣe ń fẹ̀ ló ń rọ. Tí ọ̀nà bá di ìlọ́po méjì, ìdá kan nínú mẹ́rin agbára ló máa kù láti gbà. Tó bá di ìlọ́po mẹ́ta, ìdá kan nínú mẹ́sàn-án. Harald Friis, ọmọ Denmark tó ṣiṣẹ́ ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà, ló gbé ìṣirò yìí jáde ní 1946 lọ́nà tí àwọn ẹnjiníà ṣì ń lò ó dòní. Dẹ́síbẹ̀lì ni wọ́n fi ń ka agbára: 3 jẹ́ ìlọ́po méjì, 6 jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin, 10 jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọ̀nà di ìlọ́po méjì gbọ́dọ̀ rí dẹ́síbẹ̀lì 6 níbì kan kó fi kún èyí tó ní. Kí wá ni ibi tó ti lè rí i?

Ibi méjì ló wà. Èkíní ni búsítà, ẹ̀rọ tó ń fi iná kún agbára rìmóòtù. Èkejì ni áńtẹ́nà. Áńtẹ́nà kì í dá agbára kankan sílẹ̀. Èyí tó wà nílẹ̀ ló ń kó jọ sí ojú kan. Ẹni tó ń pe ará ilé láti òdìkejì oko máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ká ẹnu kí ohùn rẹ̀ má bàa fọ́n ká, tó bá sì fẹ́ gbọ́ èsì, àtẹ́lẹwọ́ yẹn kan náà ló ń gbé sẹ́yìn etí. Áńtẹ́nà tó ń dojú kọ ibì kan ń ṣe méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà: bó ṣe ń mú kí ọ̀rọ̀ rìmóòtù jáde tó, bẹ́ẹ̀ náà ló ń mú kó gbọ́ ọ̀rọ̀ dúróònù tó.

Ìdí nìyí tí mi ò fi gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti ra búsítà. Ọ̀rọ̀ méjì ló ń lọ láàárín rìmóòtù àti dúróònù. Rìmóòtù ń fi àṣẹ ránṣẹ́: lọ sókè, yà sọ́tùn-ún, padà wálé. Àṣẹ wọ̀nyí kò tó nǹkan, wọn kì í sì tètè já. Dúróònù ń fi fídíò ránṣẹ́ padà, ẹrù fídíò ló sì wúwo, òun ló máa ń kọ́kọ́ já ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Búsítà tó ń fi agbára kún ohun tó ń jáde lára rìmóòtù nìkan kò ran fídíò tó ń bọ̀ lọ́wọ́. Àwọn kan wà tó ń ṣiṣẹ́ ní ìhà méjèèjì lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń gbé ohùn dúróònù sókè ni wọ́n ń gbé ariwo tó wà láyìíká sókè pẹ̀lú, ariwo tiwọn a sì tún fi kún un. Wọ́n ń gbóná, wọ́n ń jẹ bátìrì, wọ́n sì ń da Wi-Fi àwọn aládùúgbò rú. Áńtẹ́nà ò nílò bátìrì kankan.

Nínú àwọn áńtẹ́nà tó wà lọ́jà, èyí tí ojú wa mọ̀ jù ni Yagi. Ní Yunifásítì Tohoku ní ìlú Sendai, lórílẹ̀-èdè Japan, ni Shintaro Uda àti ọ̀gá rẹ̀, Hidetsugu Yagi, ti gbé e jáde ní 1926. Uda ló ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n Yagi ló kọ̀wé nípa rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì ní 1928, orúkọ rẹ̀ ló sì mọ́ ọn lára. Irú rẹ̀ ni àwọn ará ilé wa ń pè ní éríà. Lẹ́yìn tí WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní 1959, òun ni wọ́n ń so mọ́ orí òpó, tí ọmọ kan á máa yí i níta, tí àwọn tó wà nínú ilé á máa pariwo pé ó ti mọ́, ó tún ti bàjẹ́. Ọmọ tó ń yí òpó yẹn ti mọ ohun tó ṣe pàtàkì jù nípa áńtẹ́nà tó ń dojú kọ ibì kan: tó bá yà díẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà, gbogbo èrè rẹ̀ ti lọ.

Yagi kékeré oníke àti páànù tó tẹ̀ bí ọrun ni wọ́n sábà ń há mọ́ rìmóòtù láìtú u. Wọn kò wọ́n, wọn kì í ba ẹ̀rọ jẹ́, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ dé ìwọ̀n kan. Àmọ́ ó yẹ kí ẹni tó fẹ́ há wọn mọ ibi tí áńtẹ́nà gidi wà. Ẹ mú rìmóòtù RC-N1, èyí tó bá Mini 2, Air 2S àti Mavic 3 wá. Kò sí ọ̀pá kankan lórí rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fa apá òkè rẹ̀ jáde láti fi há fóònù, inú apá yẹn gan-an ni áńtẹ́nà wà. Ẹ̀yìn ibẹ̀ ni ó yẹ kí páànù tó tẹ̀ wà, kó lè ti ìgbì síwájú, síhà dúróònù. Àwọn kan ń gé agolo mọ́líìtì láti fi ṣe é, kò sì sí ohun tó burú nínú ìyẹn, nítorí ìgbì ò bìkítà irú páànù tó ń ti òun. Ohun tó ṣe pàtàkì ni bó ṣe tẹ̀ àti àlàfo tó wà láàárín rẹ̀ àti áńtẹ́nà. Gígùn ìgbì 2.4 GHz jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 12.5, ìdá mẹ́rin rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3. Páànù tó bá lẹ̀ típẹ́típẹ́ mọ́ ara áńtẹ́nà lè ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ dípò kó ràn án lọ́wọ́.

Iṣẹ́ tó le ni kí a tú rìmóòtù, ká yọ wáyà áńtẹ́nà inú rẹ̀, ká sì fa òmíràn síta lọ bá áńtẹ́nà pẹlẹbẹ. Ẹni tó bá ṣí i á bá wáyà kan tó tín-ín-rín bí òwú ìránṣọ. Lẹ́nu rẹ̀ ni bọ́tìnnì onídẹ kan wà tí kò tó ìdajì èékánná ìka kékeré, tó ń dún tásà tó bá jókòó sáyè rẹ̀. U.FL ni wọ́n ń pe irú rẹ̀ tó wọ́pọ̀ jù. Ilé iṣẹ́ Hirose tó ṣe é sọ pé ó lè fara da kíkì bọ àti yíyọ nígbà 30, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọwọ́ tó gbọ̀n, tàbí ìfà kan tó wọ́, lè yọ ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lára pátákó, rìmóòtù náà á sì di nǹkan mìíràn. Ewu kejì ni pé kí ènìyàn tan rìmóòtù nígbà tí áńtẹ́nà kò sí lára rẹ̀. Agbára tó yẹ kó jáde á padà sínú, ó sì lè jó ohun tó ń rán ìgbì jáde. Ẹnu SMA àti RP-SMA tún jọra lójú débi pé àwọn méjèèjì lè wé mọ́ra wọn dáadáa kí idẹ àárín wọn má sì kan ara wọn rárá. Ẹ wo àárín rẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ má sì jẹ́ kí wáyà gùn ju bó ṣe yẹ. Wáyà tín-ín-rín ń jẹ ìgbì gan-an lórí 2.4 GHz, ó sì ń jẹ ẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ lórí 5.8. Ẹni tó ra áńtẹ́nà olówó ńlá, tó wá fi wáyà tín-ín-rín gígùn so ó, lè pàdánù ìdajì ohun tó rà kó tó jáde lẹ́nu wáyà.

Àwọn áńtẹ́nà kan tún wà tó ń yí ìgbì po bó ṣe ń lọ. Wọ́n dára fún àwọn tó ń wo eré ìje dúróònù pẹ̀lú gíláàsì ojú, níbi tí ọ̀pá ara dúróònù náà ti ń yí ìgbì tirẹ̀ po. Fún dúróònù tí áńtẹ́nà rẹ̀ dúró gbọnrangandan, dẹ́síbẹ̀lì 3 ló máa ń gbé lọ, ìyẹn ìdajì agbára.

Kí ẹnikẹ́ni tó ná owó, ó yẹ kó wo bó ṣe ń di rìmóòtù mú. Àṣìṣe tí mo rí jù lọ́wọ́ àwọn adarí dúróònù ni pé tí sígínà bá ń lọ, wọ́n á na orí ọ̀pá áńtẹ́nà sí dúróònù bí ẹni ń na ìka sí i. Orí ọ̀pá ni ibi tí ìgbì kò sí. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ìgbì ti ń jáde yíká, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ ló yẹ kó kọjú sí dúróònù. Tí dúróònù bá wà lọ́ọ̀ọ́kán níwájú, ọ̀pá ní láti dúró ṣánṣán. Tó bá wà lókè orí ẹni, ó yẹ kí ọ̀pá dùbúlẹ̀. Ara ènìyàn náà ń gba ìgbì 2.4 GHz mu nítorí omi tó kún inú rẹ̀. Ẹni tó kẹ̀yìn sí dúróònù, tó di rìmóòtù mọ́ àyà, ti fi ara rẹ̀ dínà. Àtúnṣe méjèèjì yìí kò ná ẹnì kankan ní kọ́bọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ibi tí a dúró sí. Ojú ọ̀nà ìgbì kì í ṣe ìlà tín-ín-rín kan ṣoṣo. Ó ń wú láàárín. Fún kìlómítà 2 lórí 2.4 GHz, ìwú yẹn ń fẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 8 ní ìhà kọ̀ọ̀kan láàárín ọ̀nà, ohunkóhun tó bá sì wọ inú rẹ̀ ń jẹ nínú sígínà, ìbáà jẹ́ pé ojú ṣì ń rí dúróònù. Tí dúróònù bá wà lókè mítà 60, àárín ọ̀nà wà ní nǹkan bíi 30, ó sì ṣeé ṣe kí gbogbo rẹ̀ mọ́. Àmọ́ tí ẹ bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí mítà 20 láti ya ilé kan níbẹ̀, àárín ọ̀nà ti di 10, orí igi ọ̀pẹ àti òrùlé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sì ti wọlé. Ohun tó sábà ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn sí ẹni tó ní sígínà òun dára nígbà tí dúróònù ń lọ, tó wá já lójijì nígbà tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Kí ó gun orí bàkónì tàbí kó jáde kúrò lábẹ́ igi máa ràn án lọ́wọ́ ju áńtẹ́nà lọ. Ní Abẹ́òkúta, tí dúróònù bá bọ́ sẹ́yìn àpáta Olúmọ, kò sí áńtẹ́nà tí ẹ lè há mọ́ rìmóòtù tó máa gba inú òkúta kọjá.

Kí wá ni áńtẹ́nà wà fún? Ariwo ni. Láti 2400 dé 2483.5 MHz ni àlàfo tí dúróònù, Wi-Fi ilé, Bluetooth àti ààrò máíkírówéfù jọ ń pín lò. Lójú pópó Èkó, níbi tí ilé kọ̀ọ̀kan ti ní Wi-Fi tirẹ̀, rìmóòtù ń wá ohùn dúróònù kékeré kan láàárín ọ̀pọ̀ ohùn tó sún mọ́ ọn jù ú lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ tó ń lọ kìlómítà mélòó kan lórí omi fi ń já ní mítà 700 láàárín ìgboro. Áńtẹ́nà tó ń dojú kọ ibì kan kì í gbọ́ ohun tó ń bọ̀ láti ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ dáadáa. Ó ń gbé ohùn dúróònù sókè, ó sì ń rẹ ariwo sílẹ̀, lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí búsítà tó lè ṣe ìyẹn. Lójú tèmi, èyí nìkan tó ìdí fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nínú ìlú láti ra páànù tí wọ́n ń há mọ́ rìmóòtù.

Ọ̀nà mìíràn láti sá fún ariwo ni kí a bọ́ sí 5.8 GHz, tí ẹ̀rọ bá gbà bẹ́ẹ̀. Ó sábà máa ń dákẹ́ ju 2.4 lọ. Tí gbogbo nǹkan yòókù bá dọ́gba, ọ̀nà tó lè lọ kò tó ìdajì ti 2.4, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ya fídíò òde ìnáwó kò nílò ju mítà 300 lọ. Fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, mi ò gba áńtẹ́nà pẹlẹbẹ orí ẹsẹ̀ mẹ́ta níyànjú rárá. Bí agbára rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó ni ojú rẹ̀ ń há tó, dúróònù tó bá sì ń yí po lókè àwọn èrò á máa jáde kúrò lójú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà.

Àwọn tó ń kan dúróònù tiwọn fúnra wọn máa ń gba ọ̀nà tó yàtọ̀ pátápátá: wọ́n á bọ́ sórí ìgbì tó gùn jù, bíi 868 tàbí 915 MHz, pẹ̀lú ẹ̀rọ bíi TBS Crossfire tàbí ExpressLRS. Àṣẹ rìmóòtù á jìnnà gan-an lóòótọ́, nítorí ìgbì gígùn máa ń fara dà á, àṣẹ náà ò sì wúwo. Fídíò kì í gba ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún èyí tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà. Láti 902 dé 928 ni wọ́n gbà á láàyè lọ́hùn-ún. Níhìn-ín, ní Nàìjíríà àti ní Bẹ̀nẹ̀ pẹ̀lú, fóònù GSM tó wà lórí 900 ń fi àlàfo tó parí sí 915 sọ̀rọ̀ lọ sí òpó. Ẹni tó bá tan irú rìmóòtù bẹ́ẹ̀ ní Ìbàdàn ń pariwo sí etí òpó tí ará àdúgbò fi ń pe dókítà. Ọ̀rọ̀ yìí ò ṣeé fọwọ́ yẹpẹrẹ mú.

Ká wá gbà pé áńtẹ́nà ti ṣe gbogbo ohun tí wọ́n sọ. Bátìrì ńkọ́? Ìṣẹ́jú 31 ni wọ́n kọ fún Mini 2, níbi tí afẹ́fẹ́ ò ti fẹ́ rárá. Ẹ jẹ́ ká fi dúróònù kan tó ń sáré mítà 12 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣe àpẹẹrẹ, kí afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ ní mítà 6 wà lẹ́yìn rẹ̀. Kó tó ìṣẹ́jú márùn-ún, ó ti dé kìlómítà 5. Nígbà tó bá ń bọ̀ wálé, tí afẹ́fẹ́ yẹn dojú kọ ọ́, mítà 6 ló kù fún un ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, á sì lò tó ìṣẹ́jú 14. Àwòrán ojú fóònù lè mọ́ kedere ní gbogbo àsìkò yẹn. Bátìrì ló lè sọ ọ́ kalẹ̀ sínú igbó.

Ojú ènìyàn náà ní ibi tó mọ. Dúróònù tí kò tó gíráàmù 250 máa ń di ẹyọ ẹ̀fọn lójú kó tó pé ìdajì kìlómítà. Òfin sì ń fi ojú ṣe ìwọ̀n: ní Amẹ́ríkà àti ní ìlú ọba, ẹni tó ń darí rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa rí i, kò sì gbọdọ̀ ju 400 ẹsẹ̀ bàtà lọ sókè, àyàfi tó bá gba àṣẹ pàtàkì. Ní Nàìjíríà, ẹni tó fẹ́ fi dúróònù ṣiṣẹ́ ní láti lọ sọ́dọ̀ NCAA tó ń bójú tó ìrìnnà òfurufú, kó sì gba ìwé lọ́wọ́ ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn lórí ààbò orílẹ̀-èdè, ONSA. Áńtẹ́nà fúnra rẹ̀ náà ní òfin tirẹ̀. Ní Yúróòpù, 100 mílíwáàtì yẹn jẹ́ ìwọ̀n ohun tó jáde lẹ́nu áńtẹ́nà, kì í ṣe ohun tó wọ inú rẹ̀. Ẹni tó ti ń lo gbogbo rẹ̀, tó wá fi áńtẹ́nà alágbára kún un, ti ré òfin kọjá láìfọwọ́ kan búsítà. Ní Amẹ́ríkà, áńtẹ́nà tí wọ́n fi yẹ ẹ̀rọ wò, tàbí irú rẹ̀ tí agbára rẹ̀ ò ju tirẹ̀ lọ, nìkan ni FCC gbà lára rẹ̀.

Àwọn tó ń rán dúróònù lọ síbi tó jìn gan-an kì í fi rìmóòtù ọwọ́ ṣe é. Zipline, tó ti ń fi dúróònù gbé ẹ̀jẹ̀ àti oògùn ní Rwanda láti 2016, tó sì dé ìpínlẹ̀ Kaduna ní 2022, ń jẹ́ kí dúróònù rẹ̀ fò fúnra rẹ̀ lójú ọ̀nà tí wọ́n ti là sílẹ̀ fún un. Ẹnikẹ́ni ò dúró sínú oko kan kó máa na áńtẹ́nà sókè.

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ rà á, ọ̀nà kan wà tó lè fi mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Kó yan ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ ò fẹ́, kó gbé dúróònù lọ sí mítà 300, sókè mítà 40, kó dá a dúró síbẹ̀ níbi tí ojú ti ń rí i. Kó wo ìlà sígínà àti bí fídíò ṣe ń dé sí láìsí páànù, kó há páànù mọ́ ọn láìkúrò lójú kan, kó tún wò ó. Kó wá yí ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sí ọ̀tún àti sí òsì títí tí sígínà á fi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, kó lè mọ bí ojú áńtẹ́nà náà ṣe há tó. Kó ṣe é ní gbangba oko, kó tún ṣe é láàárín ìgboro níbi tó ti gba àṣẹ láti fò ó. Ó ṣeé ṣe kí oko má fi ìyàtọ̀ kankan hàn án ní mítà 300. Tí ìgboro náà ò bá fi hàn án, kó dá páànù náà padà fún ẹni tó tà á.